Ìdána Peckham Kò Sọ Yín Di Tọkọtaya Lójú Òfin

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Orí ọ̀rọ̀ kan náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà oṣù yìí dá lé: ẹnì kan nínú ilé fẹ́ ṣègbéyàwó lókè òkun, wọn ò sì mọ ohun tí ìjọba ibẹ̀ máa bi wọ́n. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù. Lẹ́yìn Ìbàdàn, ibẹ̀ ni èmi náà ti ṣe iṣẹ́ lọ́yà pẹ́ jù, torí náà ibẹ̀ ni n ó jókòó sí. Mo ti yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé kúrò.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Àfẹ́sọ́nà mi ti gba ìwé ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì, Peckham ló wà. A fẹ́ ṣègbéyàwó ní London lóṣù kẹjọ. Àbúrò bàbá mi ní kí n gba físà àlejò lásán, pé tí mo bá ti débẹ̀, a ó kọ́kọ́ ṣe ìdána ní gbọ̀ngàn kan, a ó sì lọ sí rẹ́jísírì ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ti ra aṣọ ẹbí. Ṣé kò séwu níbẹ̀, mà? — Ìyàwó Ọ̀la, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ewu wà níbẹ̀, ọmọ mi. Àbúrò bàbá rẹ fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n ètò tí wọ́n là sílẹ̀ yẹn kò lè bọ́ sí i. Físà àlejò lásán kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣègbéyàwó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kódà, kò gbà á láyè láti lọ fún rẹ́jísírì ní nótíìsì pé òun fẹ́ ṣe é. Bí òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n bá tú báàgì rẹ ní Heathrow, tó bá gáùn ìyàwó níbẹ̀, tó sì jẹ́ físà àlejò lásán lo mú dání, wọ́n lè dá ọ padà láti ibẹ̀.

Físà méjì ló wà fún irú rẹ. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó kó sì padà sílé ń gba èyí tí wọ́n ń pè ní Marriage Visitor. Oṣù 6 ni. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18 ni wọ́n ń fún, o sì gbọ́dọ̀ fi hàn wọ́n pé wàá padà. O ò lè fi ṣiṣẹ́, o ò sì lè jókòó sí London kí o yí i padà sí físà ìyàwó. Ẹni tó fẹ́ dúró ti ọkọ rẹ̀ ń gba físà àfẹ́sọ́nà. Oṣù 6 náà ni, ìgbéyàwó sì gbọ́dọ̀ wáyé kí oṣù náà tó pé. Lẹ́yìn ìyẹn lo máa tọrọ físà ìyàwó láìkúrò nílùú. Òun náà kò gbà ọ́ láyè láti ṣiṣẹ́ títí dìgbà tí wọ́n bá fún ọ ní èkejì, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ ó sì sanwó. O ò sọ èyí tí ẹ ń lépa nínú lẹ́tà rẹ. Kí ìwọ àti ọkọ rẹ jókòó sọ ọ́ kí télọ̀ tó gé aṣọ yẹn.

Bí èmi bá ni ìyá rẹ, Ìbàdàn ni n ó ní kí ẹ ti ṣe é. Kí ọmọkùnrin yẹn wálé, kí ẹ fún rẹ́jísírà ní nótíìsì, kí ọjọ́ 21 pé, kí ẹ so ó pọ̀ kí oṣù 3 tó kọjá lórí nótíìsì náà, kí o wá fi sátífíkéètì yẹn tọrọ físà ìyàwó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn àgbà inú ẹbí tí kò lè rí físà gbà á rí ọ níbi ayọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ni ìgbéyàwó yín.

Tó bá jẹ́ London ni dandan, ẹ fọkàn sí ìṣirò ọjọ́. O gbọ́dọ̀ ti gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọjọ́ 7 gbáko kí o tó lè fún wọn ní nótíìsì. Nítorí pé ìwọ kì í ṣe ọmọ ìlú wọn, kì í ṣe rẹ́jísírì èyí tó bá wù yín lẹ ó lọ. Èyí tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún irú yín ni, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó sì jọ lọ, ọkọ kò lè ṣojú ìyàwó. Láti ọjọ́ tí ẹ bá fún wọn ní nótíìsì, ọjọ́ 28 gbáko gbọ́dọ̀ kọjá. Ká ní o balẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, ọjọ́ 9 ni ọjọ́ tó yá jù tí ẹ lè fún wọn ní nótíìsì, ìgbéyàwó kò sì lè wáyé ṣáájú ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ. Sátidé tó tẹ̀ lé e wo ni àbúrò bàbá rẹ ń sọ? Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ bá lọ ni wọ́n máa rí yín, àpọ́íńmẹ́ǹtì ni. Kí ọkọ rẹ ti bèèrè tiyín sílẹ̀ láti ìsinsìnyí. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé nótíìsì ń lò tó ọdún kan, bí ọjọ́ gbọ̀ngàn bá yẹ̀, kò bà jẹ́.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n á yà yín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n á bi ọ́ ní orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ọjọ́ ìbí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ibi tó ń gbé. Wọ́n á sì bi òun náà ní tìrẹ. Mo ti rí ọkọ ìyàwó tó mọ oríkì ìyàwó rẹ̀ délẹ̀délẹ̀ tí kò sì mọ ọdún tí wọ́n bí i. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù dání, ẹ mú ohun tó fi àdírẹ́sì hàn, àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Kí o tó kúrò nílé, wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ rẹ sínú ìwé gbogbo. Èyí ló ń dá àwọn ọmọ wa dúró jù. Abọ́sẹ̀dé lórí ìwé ìbí, Bósẹ̀ lórí pásípọ́ọ̀tù, orúkọ ìjọ lórí ìwé ilé ẹ̀kọ́. Lọ búra ní kóòtù pé ẹnì kan náà ni gbogbo wọn, kí o mú ìwé ìbúra náà dání.

Ó wá ku ìdána. Ẹ ṣe é o, ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ní gbọ̀ngàn ní Peckham lẹ ti ṣe é, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò kà á sí ohunkóhun. Alága ìjókòó lè gba owó lọ́wọ́ ẹbí ọkọ títí ilẹ̀ á fi ṣú, àwọn ọkọ lè dọ̀bálẹ̀ lọ́nà méje, ẹ ò tíì di tọkọtaya. Ẹjọ́ kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ wa. Ní oṣù kejìlá ọdún 1998, ọkùnrin àti obìnrin Mùsùlùmí kan so yìgì ní ilé oúnjẹ kan ní Southall, lójú ìmáàmù, ẹlẹ́rìí àti àlejò. Wọ́n ní àwọn á lọ sí rẹ́jísírì lẹ́yìn náà; wọn ò lọ. Wọ́n bímọ mẹ́rin. Nígbà tí ilé wá tú, tí ìyàwó lọ sí kóòtù, Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn ní London dájọ́ ní 2020 pé kò sí ìgbéyàwó kankan láàárín wọn, kódà kò tó ohun tí kóòtù máa ní òun fagi lé. Nítorí náà, kò sí ọ̀nà tí ìyàwó fi lè ní kí kóòtù pín dúkìá fóun bí wọ́n ṣe ń pín in fún obìnrin tó ń kọ ọkọ.

Ṣùgbọ́n gbọ́ apá kejì rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti ń rú àwọn ènìyàn lójú. Bó bá jẹ́ Ìbàdàn lẹ ti ṣe ìdána kan náà, tí owó orí kọjá, tí wọ́n fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìyẹn, ó sì múlẹ̀ lábẹ́ òfin Nàìjíríà. Ohun tó bá sì múlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe é, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà á gbà pé ó múlẹ̀. Ìyẹn ni pé lọ́jọ́ náà o ti kúrò ní àfẹ́sọ́nà, o ò lè tọrọ físà àfẹ́sọ́nà mọ́, o ò sì lè kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé o ò lọ́kọ. Bí wọ́n bá ti fẹ́ ṣe ìdána nílé kí o tó rin ìrìn àjò, físà ìyàwó ni kí o wá ìwé fún, kì í ṣe ti àfẹ́sọ́nà.

Ìbéèrè: Lọ́yà wa, ẹ kú làálàá. Ọmọ mi obìnrin jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Manchester láti 2017. Ó ti lọ́kọ rí níbí, ìbílẹ̀ nìkan la ṣe. Nígbà tí kò wọ̀ mọ́, àwa ẹbí jókòó ní 2019, a dá owó orí padà, gbogbo wa fọwọ́ sí ìwé, baálé náà fọwọ́ sí i. Ní báyìí òyìnbó kan fẹ́ fẹ́ ẹ, rẹ́jísírì ní ìwé tí a kọ yẹn kò tó. Ṣé wọ́n ń fojú di àṣà wa ni? — Bàbá Nọ́ọ̀sì, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìdáhùn: Ẹ má bínú, bàbá. Kì í ṣe pé wọ́n fojú di àṣà wa. Òfin wọn ti 1986 lórí ọ̀rọ̀ ẹbí pín ìkọ̀sílẹ̀ òkèèrè sí oríṣi méjì: èyí tó gba iwájú kóòtù tàbí ìgbìmọ̀ tí ìjọba mọ̀, àti èyí tí ẹbí jókòó ṣe láàárín ara wọn. Wọ́n ń gba oríṣi kejì yìí náà nígbà mìíràn. Àmọ́ wọn ò ní gbà á bí ọ̀kan nínú tọkọtaya náà bá ti fi ilẹ̀ wọn ṣe ibùgbé fún odindi ọdún kan ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n tú ìgbéyàwó náà. Ọmọ yín wà ní Manchester láti 2017. 2019 lẹ dá owó orí padà. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti kọ́. Ká ní ilé ló wà nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Ohun tí ẹ máa ṣe kò le. Ẹ lọ bá agbẹjọ́rò ní Ìjẹ̀bú, kí ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù ìbílẹ̀, kí kóòtù gbọ́ ẹnu ọkọ àtijọ́ náà, kí wọ́n sì tú ìgbéyàwó náà pẹ̀lú òǹtẹ̀. Èyí tó bá gba ọ̀dọ̀ kóòtù, tí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tàbí tó ń gbé níhìn-ín, wọ́n máa gbà á. Ẹ gba ẹ̀dà tí akọ̀wé kóòtù fọwọ́ sí. Bó bá jẹ́ Yorùbá ni wọ́n fi kọ apá kan nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Rẹ́jísírì Manchester lè fi í ránṣẹ́ sí General Register Office, ọ́fíìsì àgbà àwọn rẹ́jísírì, ní Southport kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, èyí sì lè pẹ́ díẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n má tíì tẹ káàdì ìkésíni.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín pé kí àwọn àgbà ẹbí tó wà ní London jókòó tú u níbẹ̀, tàbí kí wọ́n lọ ṣe é ní ọ́fíìsì aṣojú ìjọba wa. Ará Íjíbítì kan gbìyànjú irú rẹ̀: inú ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Íjíbítì ní London ló ti kọ ìyàwó rẹ̀ lọ́nà ẹ̀sìn. Ní 1972, kóòtù ní inú London ni ọ́fíìsì náà wà, kì í ṣe Íjíbítì, ìkọ̀sílẹ̀ náà kò sì dúró. Kóòtù nìkan ló lè tú ìgbéyàwó lórí ilẹ̀ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣe ti rẹ́jísírì nílé, kóòtù ìbílẹ̀ kò lè tú tiyín o. Kóòtù gíga ni. Lẹ́yìn ìdájọ́ àkọ́kọ́, ó tún máa ń gba oṣù 3 kí ó tó di àṣẹpé, ìwé àṣẹpé yẹn sì ni rẹ́jísírì òkè òkun fẹ́ rí. Opó ní tirẹ̀ máa mú ìwé ẹ̀rí ikú ọkọ rẹ̀ wá. Ìwé ètò ìsìnkú kò lè rọ́pò rẹ̀, bó ti wù kí fọ́tò inú rẹ̀ dára tó.

Ìbéèrè: Mo wà ní Birmingham, físà mi ti fẹ́ tán. Mo níyàwó nílé, ní Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n ìdána nìkan la ṣe, a ò lọ sí rẹ́jísírì. Obìnrin kan níbí tó ní ìwé ìlú fẹ́ fẹ́ mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ìdána ò kà, kí n kọ ọ́ pé mi ò níyàwó. Kí lẹ rí sí i? — Ẹni Tọ́rọ̀ Kàn, Birmingham

Ìdáhùn: Ọ̀gbẹ́ni, ẹ ti ka ohun tí mo sọ fún Ìyàwó Ọ̀la lókè. Ìdána Ọ̀yọ́ kà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó kà, torí ẹ pè é ní "mo níyàwó" kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ yín.

Ẹjọ́ yìí ti pẹ́ ní kóòtù wọn. Ọkùnrin ará Íńdíà kan fẹ́ ìyàwó nílé ní 1928 lọ́nà ẹ̀sìn Híńdù. Ní 1939 ó fẹ́ obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan ní rẹ́jísírì Holborn ní London. Nígbà tí ìyàwó kejì gbọ́, ó gba kóòtù lọ, ní 1946 wọ́n ní ọkùnrin náà ti níyàwó ní gbogbo ìgbà tó dúró níwájú rẹ́jísírà, ti Holborn kò sì jẹ́ ìgbéyàwó rárá. Òfin ọdún 1973 wọn ṣì sọ bẹ́ẹ̀ títí dòní: bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá ti ní ọkọ tàbí aya lábẹ́ òfin, asán ni ìgbéyàwó tuntun náà. Ìwé ìgbélùú tí ẹ bá kọ́ lé e lórí máa wó tẹ̀ lé e. Irọ́ pípa nínú nótíìsì ìgbéyàwó sì ní ẹ̀wọ̀n tirẹ̀, ó lè tó ọdún 7 lábẹ́ òfin ìbúra èké wọn ti 1911. Nílé níbí, ẹni tó níyàwó ìbílẹ̀ tó lọ fẹ́ ẹlòmíràn ní rẹ́jísírì lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 5.

Tí físà yín ò bá sì jẹ́ ti ìgbéyàwó, tí ẹ ò tíì ní ìwé ìgbélùú títí ayé, rẹ́jísírà máa fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà. Àwọn yẹn lè fa ọjọ́ 28 náà dé 70 láti fi wádìí yín, wọ́n lè wá sílé yín. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ físà yín lọ bá lọ́yà tó ní àṣẹ láti gbani nímọ̀ràn lórí rẹ̀. Obìnrin Birmingham yẹn ńkọ́, ṣé ó mọ̀ nípa ti Ọ̀yọ́? Ẹ ò mẹ́nu kàn án.

Ìbéèrè: Pásítọ̀ wa ní Old Kent Road ní òun lè so wá pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kò dìgbà tí a bá lọ sí rẹ́jísírì. Ṣé òótọ́ ni? — Ọmọ Ìjọ, London

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ òótọ́, ẹ bi í ní ohun méjì. Àkọ́kọ́, ṣé ìjọba ti fi orúkọ ilé náà sílẹ̀ fún ìgbéyàwó? Ilé ìkẹ́rù ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa tẹ́lẹ̀ ní òpópónà yẹn, ìforúkọsílẹ̀ fún ìsìn nìkan kò sì tó. Èkejì, ta ni ìjọba yàn láti ṣe ètò òfin níbẹ̀. Bí kò bá sí, rẹ́jísírà gbọ́dọ̀ wà lórí ìjókòó. Nótíìsì ní rẹ́jísírì ṣì di dandan ṣáájú. Ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara yín sọ ọ̀rọ̀ tí òfin là sílẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, àdúrà pásítọ̀ kò dípò rẹ̀. Ìwé tí ẹ bá fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà gbọ́dọ̀ padà sí rẹ́jísírì kí ọjọ́ 21 tó pé, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa kọ yín sílẹ̀ kí sátífíkéètì tó jáde. Mo mọ ìjọ tí ìwé náà sùn sínú dúrọ́ọ̀ wọn.

Ìbéèrè: Ọkọ mi lọ́la jẹ́ ará Jámánì, Hamburg la wà. Wọ́n ń bèèrè ìwé láti Nàìjíríà tó ní mo lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣègbéyàwó. Kò síbi tí mo ti rí i gbà. — Ọmọ Èkìtì, Hamburg

Ìdáhùn: O ò ní rí i, torí ìjọba wa kì í kọ irú ìwé tí Jámánì ń fẹ́ yẹn. Òfin wọn mọ̀ pé orílẹ̀-èdè kan wà bẹ́ẹ̀, nítorí náà ààrẹ kóòtù àgbà agbègbè yín ló ń yọ̀ǹda ẹni náà kúrò nínú rẹ̀. Rẹ́jísírì Hamburg ló máa bá yín kó ìwé lọ. Ohun tó ń pẹ́ ni pé wọn kì í gba ìwé ìbí àti ìwé àìlọ́kọ láti Nàìjíríà lójú lásán. Wọ́n ń rán ènìyàn lọ síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ láti lọ wádìí, owó rẹ̀ sì wà lọ́rùn yín. Bó bá jẹ́ pé Èkìtì ni wọ́n ti bí ọ, sọ fún àwọn ará ilé pé àlejò lè wá bi wọ́n léèrè nípa rẹ, kí wọ́n má lé e.

Ọ̀pọ̀ tọkọtaya tó ti sú máa ń sọdá sí Dẹ́ńmáàkì. Láti 2019, àjọ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Familieretshuset ló ń yẹ ìwé wò níbẹ̀. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ẹ ní oṣù 4 láti fi ṣe é ní ìlú tó bá gbà yín. Ìwé ìgbélùú Jámánì rẹ gbọ́dọ̀ ṣì dára lọ́jọ́ náà, bí o bá sì ti kọ ọkọ rí, wọ́n máa bèèrè ìwé rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ mà, nígbà tí ọmọ mi ṣègbéyàwó ní Leeds ní 2015, bàbá rẹ̀ tí kò ra bàtà fún un rí ni wọ́n kọ sínú sátífíkéètì, orúkọ èmi tí mo tọ́ ọ kò sí níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ fẹ́ ṣe tirẹ̀ lọ́dún yìí. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí? — Ìyá Kẹ́hìndé, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Rárá, màmá. Bàbá nìkan ni wọ́n ń kọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Láti ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 2021 ni wọ́n ti yí i padà, ìyá náà ti ní àyè tirẹ̀ báyìí, orúkọ àti iṣẹ́. Ti 2015 máa wà bó ṣe wà. Kí Kẹ́hìndé fi orúkọ yín ní kíkún àti iṣẹ́ yín ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ kó tó lọ fún wọn ní nótíìsì, torí ẹnu ọmọ ni rẹ́jísírà ti ń gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, kí wọ́n kọ ọ́ pé oníṣòwò ni yín. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà sọ pé ìyá òun ò ṣe nǹkan kan.